'Thrift' kì í ṣe ahun: ẹ tún ìwé ìfowópamọ́ yín wò

Ẹ̀yin oníṣòwò wa tó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ mú ìwé ìfowópamọ́ tí ẹgbẹ́ fún yín jáde. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan níbẹ̀: 'thrift'. Ọ̀pọ̀ ló ń san owó sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí lóṣooṣù tí wọn ò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí. Àwọn mìíràn rò pé ahun ló túmọ̀ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

'Thrift' àti 'thrive' bá ara wọn tan, 'thrive' sì ni kí nǹkan máa gbèrú. Láyé àtijọ́, aásìkí gan-an làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'thrift'. Ìgbà tó yá ló wá dúró fún ìwà tó ń mú aásìkí wá, ìyẹn ṣíṣọ́ owó ná. Àwọn tó sọ ọ́ di Yorùbá gbọ́n púpọ̀: àjẹṣẹ́kù ni wọ́n pè é. Ẹ jẹ, ẹ sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ahun kì í jẹ rárá. Aránṣọ tó kọ̀ láti ra epo sí máṣíìnì rẹ̀ nítorí pé epo wọ́n, a ò lè pè é ní 'thrifty', torí owó tó máa fi tún máṣíìnì náà ṣe á ju owó epo lọ fíìfíì. Èyí tó ń kó àjákù aṣọ jọ, tó ń fi rán fìlà ọmọdé tà, òun ni 'thrifty'.

Inú ìwé ìfowópamọ́ yẹn ni wàhálà wà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, abẹ́ 'thrift' tàbí 'savings' ni wọ́n ń kọ owó tí ẹ ń tọ́jú sí, abẹ́ 'shares' ni owó ìpín yín nínú ẹgbẹ́ wà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ká sọ pé ìyá kan ń san 5,000 náírà lóṣù, tí wọ́n ń kọ 4,000 sábẹ́ 'thrift' àti 1,000 sábẹ́ 'shares'. Lópin ọdún, ó ti san 60,000, ó sì ti fi gbogbo rẹ̀ ṣírò ọjà Kérésì. Ṣùgbọ́n 48,000 ló lè béèrè fún, ìyẹn bí kò bá jẹ gbèsè, tí kò sì ṣe onídùúró fún ẹni tó jẹ gbèsè. 12,000 yòókù ti di owó ìpín. Ó lè mú èrè wá lóòótọ́, àmọ́ ìgbà téèyàn bá ń kúrò nínú ẹgbẹ́ ló sábà máa ń rí i gbà. Ẹ bi akọ̀wé yín ní ohun tí òfin ẹgbẹ́ sọ kí ẹ tó bá ẹni tó ń já ọjà fún yín ṣe àdéhùn.

Alájọ ojoojúmọ́ náà, 'thrift collector' ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń dá 500 náírà lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 15,000 ló dá, 14,500 ni yóò gbà. Owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ, ẹ má torí ẹ̀ bá a jà.

Bí ọmọ yín bá sì ní 'thrift' lòun ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe pé ó ń gba àjọ o. Òkìrìkà ló ń tà. Ní Amẹ́ríkà, 'thrift shop' ni wọ́n ń pe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti mú un.