Ẹ̀rọ Tó Ń Mú Oúnjẹ Gbẹ Kò Lè Tún Ẹ̀pà Tó Ti Bu Ṣe: Ìkìlọ̀ fún Àwa Ará Yewa

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ẹ̀rọ oníná kékeré tó ń mú oúnjẹ gbẹ, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń tu owó jọ láti rà á, ẹ dúró gbọ́ ná. Bísíkíìtì tí a fi ẹ̀gúsí, yànmọ̀tí, ẹ̀pà àti máńgòrò ṣe, tí a sì fi ẹ̀rọ náà mú gbẹ, tí kò ní fúláwà, tí a kò fi òróró dín, tí a kò sì da ṣúgà sí, oúnjẹ gidi ni. Ọmọ lè mú un lọ sílé ìwé, àgbàlagbà lè fi mu tíì. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ohun tí mò ń wí ni pé omi nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ń fà jáde lára oúnjẹ. Májèlé tó bá ti wà nínú hóró kí ẹ tó kó o sórí atẹ rẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò wà títí ẹ ó fi jẹ ẹ́.

Kì í ṣe òní la ti ń mú oúnjẹ gbẹ nílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá rin agbègbè Ìlaró sí Ayétòrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí láfún tí wọ́n sá sórí àpáta àti sí etí títì, yóò rí ata àti ilá lórí ẹní. Ẹ̀rọ gbà wá lọ́wọ́ eruku, èéfín ọkọ̀ àti ẹnu ewúrẹ́, a sì gbọ́dọ̀ yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ewu kan wà tí kò lè gbà wá lọ́wọ́ wọn.

Hóró tó ti bu

Olú kan wà tí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, tó fẹ́ràn ẹ̀pà, àgbàdo àti ẹ̀gúsí tí kò gbẹ dáadáa. Òun ló ń mú májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin jáde. Ọdún 1960 ni ayé kọ́kọ́ fura sí i, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí ẹ̀pà láti Brazil wà nínú rẹ̀. Ní 2004, ní ìhà ìlà-oòrùn Kenya, ènìyàn 317 ló ṣàìsàn nítorí àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ láìgbẹ, 125 nínú wọn sì kú. Ti òjijì nìyẹn. Ti díẹ̀díẹ̀ ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ó sì ń yára mú ẹni tí kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B ti wà lára rẹ̀.

Ẹ má rò pé iná á pa á. Ẹ sè é, ẹ yan án, ẹ dín in, kò sí èyí tó ń pa á run tán. Kí ni ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ kì í sábà ju dígírì 70 lọ fẹ́ fi ṣe?

Nítorí náà, orí atẹ tí a fi ń ṣa hóró ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra odindi hóró. Ẹ má ra ẹ̀gúsí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ lọ́jà, nítorí ẹ kò lè ṣà á mọ́. Ẹ da ẹ̀pà sórí atẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà dáadáa. Ẹ ṣa èyí tó hunjọ kúrò, ẹ ṣa èyí tó dúdú, èyí tó ti fẹ́ẹ́ hù, èyí tó fọ́ àti èyí tí kòkòrò ti lu. Ẹ la díẹ̀ sí méjì kí ẹ wo àárín rẹ̀: bí ẹ bá rí ohun kan tó rí bí ìyẹ̀fun, tó jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí ràkọ̀ràkọ̀, ẹ má ra irú ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tó bá korò lẹ́nu, ẹ tu ú dànù, ẹ má gbé e mì. Ohun tí ẹ bá ṣà kúrò kì í ṣe ti kúlíkúlí, kì í sì í ṣe ti adìẹ. Inú ilẹ̀ ni kí ẹ bò ó mọ́.

Òògùn kòkòrò àti kábáídì

Àwọn kan ń da ọ̀tápíápíá sí ẹ̀wà àti hóró kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Dichlorvos ni òògùn náà, òun ló wà nínú apakòkòrò Sniper pẹ̀lú. Nítorí rẹ̀ ni àjọ ilẹ̀ Yúróòpù fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2015: ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan, tó jẹ́ òdiwọ̀n wọn, lọ fíìfíì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn ní Nàìjíríà, fòfin de títa ìgò kékeré Sniper, ti 100 mílílítà, láàárín ọjà. Bí hóró bá ń rùn bí òògùn, ẹ má sọ pé ẹ ó fọ̀ ọ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Èso náà ní tirẹ̀. NAFDAC ti kìlọ̀ títí nípa kábáídì tí wọ́n fi ń mú máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Máńgòrò tó pupa yòò lóde ṣùgbọ́n tó le tó sì kan nínú, ẹ fura sí i. Àwọn aládùúgbò wa ní Benin náà ti kàgbákò irú rẹ̀: ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ìjọba wọn fúnra rẹ̀ dá ọ̀pẹ̀yìnbó wọn dúró láti máa lọ sí Yúróòpù, nítorí òògùn ethephon tí wọ́n fi ń sọ èèpo rẹ̀ di pupa ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ fọ èso kí ẹ tó bó o, ẹ sì ra èyí tí àsìkò rẹ̀ tó.

Ooru tí kò tó, iná tó ń lọ

Ìlànà kan wà tó ní kí a rẹ hóró sómi di ọjọ́ kejì, kí a lọ̀ ọ́ ní tútù, kí a sì fi í sínú ẹ̀rọ ní dígírì 40 sí 46, kí agbára inú rẹ̀ má bàa lọ. Ẹ pa èyí tì. Láàárín dígírì 5 sí 60 ni kòkòrò àrùn ti ń gbèrú, ìlànà yìí sì fi hóró tútù sáàárín wọn mọ́jú.

Dípò ìyẹn, ẹ yan ẹ̀gúsí, yànmọ̀tí àti ẹ̀pà nínú ìkòkò gbígbẹ títí òórùn wọn á fi ta yín nímú, kí ẹ tó lọ̀ wọ́n. Ẹ lọ máńgòrò, kí ẹ gbé e kaná kí ó hó. Ife hóró méjì sí ife máńgòrò kan, iyọ̀ ráńpẹ́, ata ilẹ̀ tí a rin. Ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kí ó má nípọn ju mílímítà 3 sí 4 lọ. Dígírì 65 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún wákàtí méjì, kí ẹ wá fi í sí 60, kí ẹ yí i padà nígbà tí òkè rẹ̀ bá ti le. Ó lè gbà tó wákàtí 8 sí 12, nígbà òjò ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí ó ṣì rọ̀ ńkọ́? Ẹ má dúró ju wákàtí méjì lọ. Ẹ gbé e sí ààrò gáàsì, tàbí kí ẹ dín in kí ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ mọ́jú tó tún wá tan ẹ̀rọ ń tan ara rẹ̀ jẹ: àwọn kòkòrò àrùn kan wà tí ooru lè pa àwọn fúnra wọn, ṣùgbọ́n tí kò lè pa májèlé tí wọ́n ti tu sílẹ̀.

Ìpamọ́

Bísíkíìtì tó gbẹ a máa dún bí a bá ṣẹ́ ẹ. Èyí tó ń tẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e. Ọ̀rá tín-ín-rín kò dára, ìgò gíláàsì ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa wò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí gíláàsì bá làágùn, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ dá a padà sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ti bu, ẹ má ha ojú rẹ̀ kúrò kí ẹ jẹ ìyókù, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Òróró inú hóró sì ń kan nínú ooru tiwa yìí, nítorí náà ẹ máa ṣe díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra

Omi lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ara máńgòrò. Kílò kan tó bá gbẹ kò ní tó 200 gíráàmù mọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ kò lọ síbì kan. Kí alátọ̀gbẹ má tìtorí pé a kò da ṣúgà sí bísíkíìtì náà kó o jẹ bí ẹ̀pà. Kí a má fi odindi hóró fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó lè há a lọ́nà ọ̀fun. Bí ẹ bá fi oyin sí bísíkíìtì náà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ẹni tí ẹ̀pà tàbí yànmọ̀tí kì í bá lára mu, kí ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un kó tó jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ṣòwò, ẹ má lẹ orúkọ mọ́ ọn kí ẹ tó gba nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ̀ka ìmọ̀ oúnjẹ wà ní Poli Ìlaró, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo sì wà ní Ayétòrò. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń gbin ẹ̀pà àti àgbàdo, ẹ béèrè Aflasafe tí IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe ní Ìbàdàn, tí NAFDAC fọwọ́ sí ní 2014. Inú oko la ti ń lò ó, kí olú olóró yẹn má bàa gbilẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ nínú bísíkíìtì náà tí èébì, inú rírun tàbí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bá mú un, ẹ má fi àgbo dá a dúró sílé. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì mú ohun tó ṣẹ́kù nínú ìgò náà dání fún dókítà.