Wèrèpè: Ọ̀tá Ara, Ọ̀rẹ́ Ilẹ̀

Ta ni ò mọ wèrèpè ní Ìlaròó àti Ayétòrò? Àwọn mìíràn ń pè é ní yèrèpè. Ìtàkùn ni, ó máa ń gun igi, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò sì máa ń rọ̀ wálẹ̀ ní ìdì-ìdì. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà ni: ẹ ṣáà wo èso rẹ̀, inú àpò gígùn ló wà bíi ti ẹ̀wà. Àmọ́ irun wẹ́wẹ́ ló bo àpò yẹn, irun ọ̀hún ló sì ń fa wàhálà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Kí ló dé tó fi ń yún ni tó bẹ́ẹ̀? Irun náà mú bí abẹ́rẹ́. Tó bá ti gún ara, á tú purotéènì kan tó ń jẹ́ mucunain sílẹ̀. Ní 1955, Walter Shelley àti Robert Arthur ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀bẹ kékeré ló rí: ó ń gé ohun tí iṣan ìmọ̀lára fi ń gba ìròyìn, iṣan á wá ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé, "Họra!" Ọ̀nà yìí yàtọ̀ sí ti histamine, ìdí nìyẹn tí Piriton kì í fi í sábà ran èyí. Tó bá bà yín, ẹ má họ ọ́ o. Ẹ bọ́ aṣọ, kí ẹ fi sẹ́lótépù lẹ irun náà kúrò lára, kí ẹ tó wẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Lára gbòǹgbò wèrèpè, àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gba náítírójìn látinú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ilẹ̀. Oríṣi kan sì wà tí irun rẹ̀ kì í yún ni. Ní nǹkan bí 1987, àwọn olùṣèwádìí kó o fún àgbẹ̀ díẹ̀ ní ẹkùn Mono, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá, kí ilẹ̀ wọn lè lọ́ràá. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló wá kíyè sí i pé ewé rẹ̀ ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kó rí oòrùn. Ẹ̀yin náà mọ ìyà tí ẹ̀kan fi ń jẹ àgbẹ̀! Nígbà tó fi máa di 1996, nǹkan bí 10,000 àgbẹ̀ ló ti ń gbìn ín ní orílẹ̀-èdè Benin.

Àmọ́ ó ní iye tó ń náni. Ó lè gba ilẹ̀ fún odindi àkókò kan, a ò sì lè jẹ èso rẹ̀ bí a ṣe ń jẹ ẹ̀wà. Èròjà L-dopa, tí dókítà fi ń tọ́jú àrùn Parkinson, pọ̀ nínú rẹ̀. Ó lè mú ni bì, ó tún lè da orí ẹni rú. Ẹ má fi ṣe oògùn fúnra yín.

Nítorí náà, ẹni tí kò ní ju oko kan lọ lè fi apá kan dán an wò lọ́dún yìí, kó gbin àgbàdo sí ìyókù. Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá tí ẹ̀kan ti gba oko wọn, ẹ ka èyí fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé èyí tí kì í yún ni lẹ gbìn o!