Àgbò Tó Fẹ̀yìn Rìn

Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. N kò rí ẹni tí òwe yìí bá mu tó ẹni tó sá eré líle lánàá, tó tún ń wọ bàtà lónìí láti sá kìlómítà 6 pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ṣì wúwo. Wọ́n ti sọ fún un pé kó sá a jẹ́jẹ́, ó sì gbà. Ìṣẹ́jú 10 kò tíì pé tó kúrò nílé tí eré ti ń le, torí pé ẹnì kan sáré kọjá lára rẹ̀, tàbí torí pé ó bojú wo aago ọwọ́ rẹ̀, ohun tó rí níbẹ̀ sì dójú tì í.

Ẹ dé orí afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí ní ìdájí Sátidé, ẹ ó rí wọn. Látìgbà tí eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ìlú Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2016, àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún kìlómítà 42 ń pọ̀ sí i, inú mi sì ń dùn sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọjọ́ jẹ́jẹ́ kankan. Gbogbo òwúrọ̀ ni ìdíje. Kí ọjọ́ eré ní Fẹ́búárì tí wọ́n ń retí tó dé, ojúgun ti ń ro wọ́n, orúnkún ti wú, àwọn mìíràn á sì jókòó sílé wo eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n.

Iṣẹ́ tí ara ń ṣe kò fara sin. Bí a bá sá eré líle, iṣan ẹsẹ̀ á ya wẹ́wẹ́ níbi tí ojú kò tó, ṣúgà tó wà nípamọ́ nínú rẹ̀ á sì dín kù. Odidi ọjọ́ kan, nígbà mìíràn méjì, ni ara fi ń tún un ṣe, àsìkò àtúnṣe yẹn gan-an sì ni agbára ń wọlé. Ọkàn àti èémí tètè ń kọ́ṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ ó ti mọ̀ ọ́n lára. Egungun àti iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ kì í yára bẹ́ẹ̀, oṣù ni wọ́n ń kà. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà: èémí ń sọ pé ó yá, egungun kò tíì dá a lóhùn. Eré jẹ́jẹ́ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ yí dé ibi tó ń ro wá, ó ń kọ́ ẹsẹ̀ ní ìfaradà láìdá egbò tuntun sí i. Ṣùgbọ́n tó bá ti le díẹ̀, kò ní fún yín ní ìsinmi, kò sì ní jẹ́ kí eré yín yá sí i. Ó kàn máa jẹ agbára tí ẹ fẹ́ lò lọ́la ni.

Bill Bowerman, olùkọ́ eré sísá ní Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà, tó wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Nike sílẹ̀, mọ àrùn àìfẹ́sinmi yìí dáadáa. Tirẹ̀ ni pé tí a bá sá líle lónìí, jẹ́jẹ́ ni tọ̀la. Ọmọ kan wà lábẹ́ rẹ̀, Kenny Moore, tí kì í fẹ́ sinmi rárá, àìsàn àti ìpalára kò sì jẹ́ kó gbádùn. Bowerman fárígá. Ó ní fún ọ̀sẹ̀ 3, kò gbọdọ̀ sá eré kankan lẹ́yìn òun: máìlì 3 láràárọ̀, jẹ́jẹ́, àti ìdánrawò ọ̀sán tí ẹgbẹ́ máa ń ṣe, kò sí àfikún. Ó dun Moore wọra. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, ó bọ́ sórí pápá, ó sì sá máìlì 2 ní ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 48. Ó fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá 20 dín eré tó yá jù tó ti sá rí kù. Wọn kò kọ́ ọ ní ọgbọ́n tuntun kankan láàárín ọ̀sẹ̀ 3 yẹn. Wọ́n kàn jẹ́ kí iṣẹ́ tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ráyè wọ̀ ọ́ lára ni. Ní Òlíḿpíìkì Munich, 1972, ipò kẹrin ló gbà nínú eré ẹlẹ́mìí ẹṣin.

Lójú tèmi, ìtìjú ni kì í jẹ́ ká sá jẹ́jẹ́. Yíyọ́ tí ẹkùn ń yọ́, ti ojo kọ́. Nígbà tí Eliud Kipchoge, eléré ọ̀nà jíjìn ọmọ Kenya, sá kìlómítà 42 ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 9 ní Berlin ní 2022, kìlómítà kan kò gbà á ní ìṣẹ́jú 3. Síbẹ̀, ní Kaptagat ní Kenya, níbi tó ti ń gbaradì, kìlómítà àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ jẹ́jẹ́ lè gba òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìn wò bóyá àwọn èèyàn ń rí wọn.

Èémí ni kí ẹ fi wọn eré yín. Bí ẹ bá ń sáré lọ, ẹ ki oríkì ìdílé yín sókè. Bí ẹ bá ní láti já a sí méjì kí ẹ tó lè mí, eré ti le jù. Ẹ fi aago sílé lọ́jọ́ náà, tàbí kí ẹ yí ojú rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ má sì fi eré àárọ̀ ọyẹ́ wé ti oṣù Máàṣì, torí pé bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi, òógùn kì í gbẹ, ọkàn á máa lù kì kì kì láti mú ara tutù. Ẹ rìn díẹ̀ tó bá yẹ. Bí ojú kan ṣoṣo bá ń dùn yín lójúgun, tí ẹ fọwọ́ kàn án tó ta yín, ẹ dá eré dúró, jẹ́jẹ́ kò kan ibẹ̀ mọ́; ẹ lọ rí dókítà.

Èyí tó le jù ni ti àwa tí a ń sáré lẹ́gbẹ́. Àgbà ló sábà ń ṣíwájú, ta ni ọmọdé tí yóò sọ pé kí wọ́n dẹ ẹsẹ̀? Kó sọ ọ́ kí wọ́n tó gbéra, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ, jẹ́jẹ́ ni tèmi lónìí.” Ẹ̀gbọ́n tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, kó má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kó bi í léèrè ìgbà tó sá eré líle kẹ́yìn, kí òun náà sì ṣírò tirẹ̀ wò.