Ta Ló Máa Mọ Ìgbátí Ilé Yín?

 

Bíbélì kíkà: Deutarónómì 22:8

Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì ayé àtijọ́, òrùlé ilé tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àwọn èèyàn ń gòkè lọ síbẹ̀ láti gba atẹ́gùn àti láti sá nǹkan. Ìdí nìyí tí Ọlọ́run fi ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé mọ ìgbátí yí òrùlé ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ kó sì kú. Ẹ kíyè sí i: òfin ló pàṣẹ, ṣùgbọ́n onílé ló máa po amọ̀.

Lóde òní, fóònù ni òrùlé ilé wa. Àwọn ọmọ sì ti gun orí ẹ̀.

Láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2025, òfin Ọsirélíà kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní àkáǹtì lórí Facebook, Instagram, TikTok, Snapchat àti YouTube. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọtí ikún lè san ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 49.5 dọ́là ti ibẹ̀. Wọn ò ní mú òbí, wọn ò ní mú ọmọ. Ohun tó dára ni. Ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọdé ń ṣe ojúṣe rẹ̀, a sì lè gbàdúrà kí tiwa náà ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òfin yẹn mọ. Kò kan WhatsApp. Ọmọ ṣì lè wo YouTube láìní àkáǹtì. Òbí míì tiẹ̀ wà tó máa ń bá ọmọ tẹ ọdún ìbí irọ́ kí àkáǹtì lè ṣí. Òfin wo ló fẹ́ wọ yàrá lọ bá wọn?

Àwọn ìkà ẹ̀dá tó ń gba fọ́tò ìhòòhò lọ́wọ́ ọmọ, tí wọ́n á ní àwọn máa tú u síta, ìbẹ̀rù òbí ni ohun ìjà wọn. Ọmọ tó mọ̀ pé pàṣán ló ń dúró de òun nílé kò ní lanu sọ̀rọ̀. Á dá ẹrù náà gbé títí yóò fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí:

1. Ẹ yẹ ọjọ́ orí tó wà lórí àkáǹtì ọmọ yín wò. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òótọ́.
2. Lálẹ́, kí fóònù ọmọ máa sùn ní yàrá yín.
3. Ẹ sọ fún un pé: "Ohun yòówù tí wọ́n bá fi hàn ẹ́ tàbí tí wọ́n ní kó o ṣe, wá sọ fún mi. Mi ò ní nà ẹ́." Tó bá wá sọ lóòótọ́, ẹ mú ìlérí yẹn ṣẹ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Àdúrà: Baba, fún wa ní ọgbọ́n àti sùúrù láti ṣọ́ àwọn ọmọ tí o fi sí wa lọ́wọ́. Má ṣe jẹ́ kí a dúró de ìjọba títí ọmọ wa yóò fi já bọ́. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Kí ọjọ́ òní san wá o.