Àpótí tí kì í sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀

Kí a tó kàwé

Ta ni ó ti wọ bọ́ọ̀sì rí nínú yín? Yàtọ̀ sí èrò àti ẹrù ọjà, kí ni ẹ tún rí nínú rẹ̀? Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín.

1. Ẹrù òwúrọ̀

Bàbá Ìdòwú jẹ́ awakọ̀ ní ìlú Kétu. Ó ní bọ́ọ̀sì funfun kan. Ó máa ń fi í gbé èrò lọ sí àwọn abúlé oko. Bí ó bá ń bọ̀, ó máa ń kó àgbàdo, iṣu àti gaàrí wá sí ọjà.

Ọjọ́ Sátidé ni. Kò sí ilé-ìwé. Ìdòwú jí ní kùtùkùtù, ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Wá ràn mí lọ́wọ́. A fẹ́ di ẹrù."

"Ẹrù ta ni, Bàbá? Èrò kankan kò tíì dé."

"Ẹrù ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni," ni Bàbá wí.

Ó ṣí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Àpótí gígùn kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Èrò ń wọlé, èrò ń sọ̀kalẹ̀. Ẹrù ń wọlé, ẹrù ń sọ̀kalẹ̀. Àpótí yìí ní tirẹ̀ kì í sọ̀kalẹ̀. Lójoojúmọ́, kí ọkọ̀ tó gbéra, Bàbá máa ń ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Lónìí, ó ní kí Ìdòwú kà á.

Ìdòwú ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ń sọ iṣẹ́ wọn:

- Jáàkì: irin tí a fi ń gbé ọkọ̀ sókè bí táyà bá jò.
- Sìpánà: irin tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà.
- Igi ìdènà méjì: a máa ń fi wọ́n há táyà kí ọkọ̀ má baà yí lọ.
- Póńpù: a máa ń fi í fẹ́ atẹ́gùn sí táyà.
- Ṣọ́bìrì: a máa ń fi í kó ẹrẹ̀ kúrò níwájú táyà.
- Pákó líle méjì: a máa ń tẹ́ wọn sórí ẹrẹ̀ kí táyà lè gun orí wọn.
- Okùn tó nípọn: ọkọ̀ kan lè fi í fa ọkọ̀ mìíràn.
- Àmì onígun-mẹ́ta pupa: ó ń sọ fún àwọn awakọ̀ mìíràn pé ọkọ̀ kan dúró níwájú.
- Tọ́ọ̀ṣì: ìmọ́lẹ̀ fún òru.
- Kẹ́ẹ̀gì omi: fún mímu àti fún ọwọ́ fífọ̀.
- Agolo pupa tí a fi ń pa iná.
- Àpótí kékeré fún ìtọ́jú ọgbẹ́: aṣọ ìdigbẹ́, òwú àti ọṣẹ wà nínú rẹ̀.

"Méjìlá ni gbogbo rẹ̀. Ó pé, Bàbá!" ni Ìdòwú wí. Ó fẹ́ pa àpótí náà dé.

"Dúró ná," ni Bàbá wí. "O ti kà á, o kò tíì dán an wò. Tan tọ́ọ̀ṣì yẹn."

Ìdòwú tẹ tọ́ọ̀ṣì. Kò tàn. Bátìrì rẹ̀ ti kú.

Bàbá tún fi ọwọ́ tẹ táyà ìpààrọ̀. Ó rọ̀. Atẹ́gùn inú rẹ̀ ti dínkù.

"Ṣé o rí i? Ohun tí kò ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ohun tí kò sí."

Ìdòwú sáré lọ ra bátìrì tuntun. Bàbá fẹ́ atẹ́gùn sí táyà títí ó fi le. Nígbà náà ni wọ́n pa àpótí dé.

2. Àpò kan ṣoṣo

Bọ́ọ̀sì kọjá lẹ́bàá Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú Kétu. Lẹ́yìn náà ó kúrò lójú ọ̀nà ọ̀dà, ó bọ́ sí ọ̀nà erùpẹ̀ pupa. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti dé abúlé.

Nígbà tí ó di ọ̀sán, ẹrù kún inú ọkọ̀. Àpò àgbàdo kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Ti Ìyá Alágbàdo ni.

"Bàbá Ìdòwú, ẹ jọ̀ọ́," ni Ìyá Alágbàdo wí, "ẹ gbé àpótí yín sílẹ̀ níhìn-ín títí di ọ̀la. Àpò mi yóò gba ààyè rẹ̀. Mo máa san owó rẹ̀."

"Ìyá, owó dùn ún gbà," ni Bàbá dáhùn. "Ṣùgbọ́n àpótí yìí ni yóò mú àwọn àpò yòókù dé ọjà."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a gbé àpò náà lé e lórí."

"Bí ẹrù bá bò ó mọ́lẹ̀, Ìyá, báwo la ṣe fẹ́ tètè rí i lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀?"

Ìyá Alágbàdo fajú ro. Ó fi àpò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ gbéra, ìyá ọmọ kan sáré dé. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbóná bí iná.

"Ẹ gbà mí o! Ilé ìwòsàn Kétu ni mò ń lọ."

Bàbá fi í sí iwájú ọkọ̀. Wọ́n gbéra.

3. Nínú ẹrẹ̀

Oṣù kẹfà ni. Ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àkókò òjò nìyẹn. Òjò ńlá rọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó dá, erùpẹ̀ pupa ti di ẹrẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń yọ̀ síhìn-ín, ó ń yọ̀ sọ́hùn-ún. Lójijì, táyà ẹ̀yìn méjèèjì rì.

"Ẹ tẹ iná sí i, Bàbá!" ni ọ̀dọ́kùnrin kan ké.

"Rárá," ni Bàbá wí. "Bí táyà bá ń yí lójú kan, ihò ló ń gbẹ́. Yóò túbọ̀ rì ni."

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n dúró sórí ilẹ̀ gíga, kí wọ́n jìnnà sí ojú ọ̀nà. Ọ̀dọ́kùnrin náà gbé àmì onígun-mẹ́ta pupa, ó lọ gbé e kalẹ̀ ní nǹkan bí 30 mítà lẹ́yìn ọkọ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná ń sunkún. Ìyá rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ṣùgbọ́n omi wà lójú òun náà.

Bàbá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ba àpótí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdòwú dúró ti àwọn èrò, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ kúrò níwájú táyà ẹ̀yìn. Ó ti pákó kan sábẹ́ táyà ọ̀tún, ó ti ìkejì sábẹ́ ti òsì.

"Ọkọ̀ ṣì wúwo," ni ó wí. "Ó yẹ kí a kó ẹrù díẹ̀ sílẹ̀."

Ìyá Alágbàdo kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ki àpò tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn àgbàlagbà yòókù bá a gbé e. Àpò mẹ́fà ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níwájú ọkọ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀!" ni Bàbá ké.

Ó rọra tẹ iná. Táyà gun orí pákó. Ó rọra gòkè, ó gòkè, ó bọ́ sórí ilẹ̀ líle. Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́.

Wọ́n kó àpò padà. Ọ̀dọ́kùnrin lọ gbé àmì pupa wá. Bàbá fẹ́ ju pákó sínú àpótí.

"Ẹ dúró," ni Ìyá Alágbàdo wí. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ ọ́. Ẹrẹ̀ ti bò ó."

Lálẹ́, bọ́ọ̀sì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀.

4. Bí táyà bá jò, kí ni awakọ̀ máa ń ṣe?

1. Ó máa ń dá ọkọ̀ dúró síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ó máa ń fa bíréèkì ọwọ́.
2. Ó máa ń sọ èrò kalẹ̀, ó sì máa ń gbé àmì pupa sẹ́yìn ọkọ̀.
3. Ó máa ń fi igi ìdènà há àwọn táyà tí kò jò.
4. Ó máa ń tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Bí táyà bá ti kúrò nílẹ̀, yóò kàn máa yí ni, nọ́ọ̀tì kò ní tú.
5. Ó máa ń fi jáàkì gbé ọkọ̀. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ó máa ń fi pákó sábẹ́ jáàkì.
6. Ó máa ń fi táyà ìpààrọ̀ sí i, ó máa ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó sì máa ń fún nọ́ọ̀tì le.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ rántí:

- Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó wà lórí jáàkì. Jáàkì lè yẹ̀.
- Ẹ má ṣe dúró nítòsí okùn tí ọkọ̀ ń fà. Bí ó bá já, yóò nani bí pàṣán.
- Ẹ má ṣe ṣeré lójú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ bá bàjẹ́.
- Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ẹ sá jìnnà, kí ẹ sì ké pe àgbàlagbà. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti ní ilẹ̀ Tógò, 118 ni nọ́ńbà àwọn panápaná.

Ọ̀rọ̀ tuntun

jáàkì: le cric
táyà ìpààrọ̀: la roue de secours
ṣọ́bìrì: la pelle
pákó: la planche
okùn: la corde
ẹrẹ̀: la boue

Ẹ dáhùn

1. Kí ni iṣẹ́ Bàbá Ìdòwú?
2. Ohun méjì wo ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀?
3. Kí ló dé tí Bàbá kò fẹ́ kí wọ́n gbé àpò lé àpótí lórí?
4. Kí ló dé tí Bàbá pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ rì?
5. Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná bí àpótí náà bá wà ní abúlé?

Ẹ ṣe é

Ẹ ya àpótí Bàbá Ìdòwú sínú ìwé yín. Ẹ ya ohun márùn-ún sínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ bi àwọn òbí yín pé: ohun wo ló wà nílé wa fún ọjọ́ ìṣòro? Ẹ bá wọn dán an wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Òwe

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.