Gbọ́ Ohun Tí Gángan Ń Sọ Ná

Àkànní, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kí o jẹun. Àmàlà kì í dúró de ẹni tó ń wo ọjà. Láti ìgbà tí o ti wọlé láti Èkó ni ò ń fi ìka fa àwòrán sókè, tí ò ń fà á sísàlẹ̀, tí ojú rẹ ń dán bí ojú ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọjà. Mo ní kí o fi hàn mí, o sì fi hàn mí. Strímà ni. Ẹ̀rọ tó ń fa orin wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń gbé e fún áńpílífáyà. Iye rẹ̀ lé ní £10,000. O wá gbójú sókè, ò ń retí kí n ṣàmín.

Òógùn ojú rẹ ni, ọmọ mi, n kò bá ọ du owó rẹ. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ohùn nílé iṣẹ́ rédíò. Abẹ́ fẹ́lẹ́ ni mo fi ń gé téèpù nígbà náà, tí mo ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí ìròyìn aago méje tó bẹ̀rẹ̀. N kò lè panu mọ́ kí o lọ da irú owó bẹ́ẹ̀ sínú àpótí tí o kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí bàbá rẹ bá wà láyé, òun ni ì bá sọ ọ́. Àbúrò mi ò sí mọ́, ẹnu tèmi ló kù.

Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Nígbà wo lo gbọ́ ohun tí gángan ń sọ nínú pálọ̀ rẹ kẹ́yìn? N kò ní o gbọ́ ìlù. Mo ní o gbọ́ ọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo wá kí ọ ní Màgódò, o fi Sunny Adé sí i fún mi, àwo Juju Music tí Island gbé jáde ní 1982, tí Martin Meissonnier darí. Àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ dáadáa ni. Ó yẹ kí n gbọ́ gìtá Demola Adepoju kó máa fà lọ bí ẹni ń mí kanlẹ̀, kí n gbọ́ gangan ibi tí ìka ti kan awọ ìlù. Kí ni mo gbọ́? Gbòò, gbòò, gbòò. Táìlì láti ògiri dé ògiri, gíláàsì fèrèsé tó tóbi bí ilẹ̀kùn, kò sí kọ́tìnì, kò sí rọ́ọ̀gì. O wá ti sípíkà méjèèjì mọ́ igun ilé bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ, o tún gbé àga dí ọ̀kan lójú. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí pé ìyàwó rẹ wà níbẹ̀. Lónìí mo máa sọ ọ́.

Ìwọ náà mọ̀ pé ohùn ni èdè wa. Igbá yàtọ̀ sí igba, igba yàtọ̀ sí ìgbà, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan náà ni wọ́n. Ohun tí gángan ń lò nìyẹn: òkè, àárín, ìsàlẹ̀, àti bí onílù ṣe ń fún ọsán láti yọ́ kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ń bú lọ nínú yàrá, tí ohùn náà kò tíì kú tán kí tòkè tó dé, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ariwo ló kù. Òyìnbó lè gbádùn ariwo náà kó sì jó sí i, nítorí kò mọ̀ pé wọ́n ń ki ẹnìkan. Ìwọ mọ̀. Nítorí náà, má fi ìwọ̀n òyìnbó wọn ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí gángan bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ tí o gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ gidi nìyẹn, iye yòówù kó jẹ́.

Tí o bá padà délé, dúró sí àárín pálọ̀ kí o pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí àtẹ́wọ́ náà bá dá ọ lóhùn, yàrá ló ń ṣàìsàn, kò sí strímà tó lè wò ó sàn. Ra rọ́ọ̀gì tó nípọn síwájú sípíkà. Fi kọ́tìnì tó wúwo bo gíláàsì yẹn. Kó àwọn ìwé rẹ tó wà nínú páálí jáde, kí o tò wọ́n sórí pẹpẹ lẹ́yìn ibi tí ò ń jókòó sí. Fa sípíkà kúrò lára ògiri, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí o sì yí ojú wọn díẹ̀ sọ́dọ̀ àga rẹ. Àga tó dí sípíkà lójú yẹn, gbé e kúrò! Gbogbo rẹ̀ kò ní ná ọ tó owó tí wàá fi gbé strímà yẹn dé Èkó.

Ṣé strímà kò wúlò ni? Ó wúlò. Mo ní ọ̀kan, o ti rí i, èyí tó kéré bí àwo ìjẹun lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó ń ṣe kò le láti lóye. Orin tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà lásán ni. Strímà ń kó nọ́ńbà náà wá ní pípé àti lásìkò, ó ń gbé e fún DAC, DAC ló ń sọ nọ́ńbà di iná tó ń jó lókè jó nísàlẹ̀, áńpílífáyà ló ń fún iná náà lágbára, sípíkà ló ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ tó ń kan etí rẹ. Fóònù di rìmóòtù lásán. Bí ẹnìkan bá pè ọ́, orin kò ní dákẹ́, nítorí pé strímà fúnra rẹ̀ ló lọ gbé orin wá. Èyí tí ò ń lò báyìí, tí ò ń fi Bluetooth ju orin láti inú fóònù, ńṣe ló ń fún orin náà mọ́lẹ̀ kó tó lè gba ojú ihò kékeré kọjá.

Ṣùgbọ́n o sọ fún mi fúnra rẹ pé áńpílífáyà tí o rà lọ́dún tó kọjá ti ní DAC nínú, o tún ń yangàn pé DAC náà dára. Kí ló wá dé tí o fẹ́ ra strímà tó ní DAC olówó ńlá mìíràn? Ẹni tó ní ìyàwó nílé kì í san owó orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tí kò ní DAC wà, tàbí èyí tí DAC inú rẹ̀ kò wọ́n, tí yóò kàn máa gbé nọ́ńbà fún tìrẹ. WiiM ń ṣe irú rẹ̀, Bluesound ti Kánádà náà ń ṣe é.

N kò bú àwọn tó ń ṣe olówó ńlá o. Linn ní Glasgow, Naim ní Salisbury, dCS ní Cambridge, Aurender ní Kòríà, Lumin ní Hong Kong, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n. Irin tí wọ́n gbẹ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà mú kí iná inú ẹ̀rọ dákẹ́ rọ́rọ́, iṣẹ́ ni. Bí yàrá rẹ bá ti gún, tí sípíkà rẹ gún, tí owó ṣì ṣẹ́ kù, lọ gbọ́ wọn, èmi náà á bá ọ lọ. Ibi ìparí lo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ wá kó ọ láyà jẹ. 24-bit, 192 kHz. Síídì tó jáde ní 1982, 16-bit àti 44.1 kHz ni, ìyẹn sì kó gbogbo ohun tí etí èèyàn lè gbọ́, nítorí etí ọmọdé pàápàá kì í kọjá nǹkan bíi 20 kHz. Ní 2007, Meyer àti Moran tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú orin tó ga ju ti síídì lọ, wọ́n ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀ sí ìwọ̀n síídì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí àwọn olùgbọ́ sọ èyí tó jẹ́ èwo. Nínú ìgbà 554, ìgbà 276 péré ni wọ́n gbà á. Bí wọ́n bá sọ kọ́bọ̀ sókè, bóyá iye tí wọn ì bá gbà náà nìyẹn. Tí orin bá ti dé ìwọ̀n síídì láìfún un pa, ó tó. Apple Music ń fúnni ní irú rẹ̀ láti 2021 láìgba owó kún un, Tidal ń fúnni, Spotify náà gbà ní 2025. Kí o tó sanwó, wò ó dáadáa bóyá strímà náà lè fúnra rẹ̀ gbé orin wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ orin tí ò ń lò. Ọ̀pọ̀ ni kò ní Apple Music nínú, àfi kí o máa fi AirPlay jù ú sí i láti inú fóònù.

Ronú kan dátà náà. Orin Spotify oní-320 kbps ń jẹ nǹkan bíi 144 MB ní wákàtí kan. Ti ìwọ̀n síídì, nígbà tí FLAC bá ti dì í láìsọ nǹkan kan nù, ń jẹ tó 400 MB. Ti 192 kHz lè ju 2 GB lọ. Ìwọ tí ò ń gbọ́ orin wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ṣírò oṣù kan kí o tó bá mi jiyàn.

Tún wo ọ̀ràn MQA, ọ̀nà kan tí wọ́n gbà ń di orin tó ga kó lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Àwọn èèyàn sanwó kún owó strímà nítorí lẹ́tà mẹ́ta yẹn, wọ́n ní láìsí i orin kò pé. Ní 2023 ilé iṣẹ́ tó ni ín wọ gbèsè, ní 2024 Tidal kó o kúrò, wọ́n padà sí FLAC. Nítorí náà, tí o bá fẹ́ yan strímà, má bi wọ́n ní lẹ́tà tó ní. Bi wọ́n ní ọdún tí wọn yóò fi máa ṣe àtúnṣe áàpù rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré ni strímà. Irin rẹ̀ lè tọ́ ogún ọdún, bí ẹni tó ṣe é bá fi áàpù sílẹ̀ láìtọ́jú, ó di òkúta. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ ní kò tíì pé ọdún márùn-ún tí kò lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, tí kò sì sí ẹni tó dá mi lóhùn. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, nítorí ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ níbì kankan. Linn tí mo dárúkọ, láti 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ strímà, ní 2009 wọ́n kéde pé àwọn ń jáwọ́ nínú ṣíṣe ẹ̀rọ tó ń lu síídì, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àtúnṣe fún àwọn tó ti ra tàtijọ́. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ ni kí o máa wá.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó ń tajà kì í sọ fún Yorùbá. O rántí àwo Obey tí bàbá rẹ máa ń fi sí i lọ́jọ́ Àìkú? Ojú kan àwo, orin kan á wọnú èkejì, ìlù kò ní sinmi títí abẹ́rẹ́ á fi dé àárín. Nígbà tí wọ́n bá gé irú rẹ̀ sí orin márùn-ún tàbí mẹ́fà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, strímà tí kò ní ohun tí wọ́n ń pè ní gapless á dákẹ́ wẹ́rẹ́ láàárín wọn. Ẹsẹ̀ oníjó á yẹ̀. Dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù kí o tó sanwó.

Iná ńkọ́? Fọ́ltì 230 ni tiwa. Ẹ̀rọ olówó ńlá míì, ilé iṣẹ́ ló ń so ó mọ́ fọ́ltì orílẹ̀-èdè tí wọ́n fẹ́ tà á sí. Áńpílífáyà tí ọmọ mi gbé wá láti Houston, fọ́ltì 115 ni, mo fi í bọ iná láìwo ẹ̀yìn rẹ̀. Èéfín tó jáde lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Kí ìńfátà rẹ jẹ́ èyí tó ń fúnni ní iná tó dán bíi ti ìjọba, kí ó má jẹ́ èyí tó ń kùn. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní iye odidi màlúù, jọ̀ọ́, fi sílẹ̀ fún wọn; nọ́ńbà tó bá sọnù lọ́nà, ẹ̀rọ á bèèrè rẹ̀ padà.

Ó ku èyí tó gbà mí lọ́kàn jù. Orin wo gan-an lo fẹ́ gbọ́? Nígbà tí a sin bàbá rẹ, páálí àwo mẹ́ta ni o fi sílẹ̀ sábẹ́ àtẹ̀gùn mi. O ní wàá padà wá kó wọn. Ọdún mẹ́rin nìyí. Haruna Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀, Yusuf Ọlátúnjí wà níbẹ̀, Àyìnlá Ọmọ́wúrà wà níbẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló gbà wọ́n sílẹ̀ láti ara àwo tó ti họ, kò sí strímà tó lè dá ohun tó ti họ padà. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ṣe àwo kan ṣoṣo tí wọ́n fi túká, tí bàbá rẹ rà nítorí pé wọ́n wá ṣeré níbi ìkómọ rẹ, mo ti wá wọn káàkiri lórí fóònù. Wọn ò sí níbì kankan.

Nítorí náà, strímà tí wàá rà, kó ní ojú USB tí a lè ki dísìkì bọ̀, kó lè ka FLAC tìrẹ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. A ó máa gba àwo náà sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Audacity la ó fi gbà á, áàpù ọ̀fẹ́ ni. 24-bit àti 96 kHz ni kí a fi gbà á, torí ó yẹ kí àyè wà fún àtúnṣe. Àwo ológójì ìṣẹ́jú tó tó 100 kò ní ju nǹkan bíi 140 GB kí FLAC tó dì wọ́n, kò tó ìdajì dísìkì kékeré. Ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ rẹ, ẹ̀dà kan níbí. Omi tí wọ́n sè gbà ní ooru, èyí tí wọ́n ń dà sínú bátìrì, la ó fi nù wọ́n, pẹ̀lú aṣọ tó rọ̀. Àwọn tó nípọn tó ń yí ní 78, má fi ọtí líle kàn wọ́n láé, yóò jẹ ara wọn, wọ́n sì ní abẹ́rẹ́ tiwọn tó sanra ju ti àwo gígùn.

O ti jẹun tán? Fọ ọwọ́ rẹ dáadáa, òróró ọbẹ̀ ni ọ̀tá àwo. Lọ gbé páálí àkọ́kọ́ jáde, gbé e láti ìsàlẹ̀, ìdí rẹ̀ ti rọ̀. Mo ti tan ẹ̀rọ sílẹ̀ kí o tó dé.