Áísìn Kéèkì Ṣokoléètì Ọlọ́sàn

Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ se kéèkì ṣokoléètì ọlọ́sàn nílé, kó kọ́kọ́ wo ojú ọjọ́. Bọ́tà kì í pẹ́ yọ́ tí ooru bá ti tó 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà n'Íbàdàn sì máa ń tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ganache (àdàlù ṣokoléètì àti kírímù) ló sàn ju áísìn bọ́tà lọ: ṣokoléètì dúdú 200 gíráàmù, kírímù 100 gíráàmù. Kó gbé kírímù kaná títí etí rẹ̀ yóò fi máa hó, kó dà á lé ṣokoléètì tó ti gé wẹ́wẹ́, kó sì dúró díẹ̀ kó tó rò ó. Èèpo ọsàn ni kó rin sí i (èèpo aláwọ̀ ewé ti ọsàn wa náà dára), torí ibẹ̀ ni òórùn rẹ̀ wà. Kó má rin ún kan funfun abẹ́ rẹ̀, ó korò.

Sáàárín ìpele kéèkì, màmáléèdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti tó. Kéèkì gbígbóná kì í gba áísìn. Kó tutù pátápátá ná.